Mọ́gàjí Tí Mo Yàn Fún Àwọn Ẹja Mùkáílà

Agbo-ilé Ọláníyọnu,
Ìwó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje, ọdún 1986.

Ọmọ mi Mùkáílà,

Àsàláámù àlékùn. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ láàárọ̀, mo ní ṣé o jí ire, bó bá sì jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ lo tibi iṣẹ́ dé tí o bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo ní o kú iṣẹ́, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní ọ́fíìsì bá dúró sí, ibẹ̀ kọ́ ni wàá gbà kọjá. Àmín. Ìyá rẹ Sàrátù ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa jẹun kí o tó jáde nílé. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn tèmi wà bó ṣe wà. Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti ń gbó, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan ló yè.

Wàá rí i pé ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ Tísà Fátókun tó máa ń bá mi kọ lẹ́tà. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. O mọ̀ pé ìwé kejì ni mo kà dé kí bàbá mi tó mú mi lọ sóko, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè jókòó síwájú ọkùnrin mìíràn kí n máa pè é kó máa kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lórí ẹ̀. Bí o bá rí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́, ìtìjú ló pa á rẹ́, kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ.

Mùkáílà, ọ̀rọ̀ tí mo rán dẹ́rẹ́bà tó ń kó obì wá sí Èkó sí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, pé ìyẹn ló pa gbogbo ẹja rẹ, irọ́ ni. Iná ò lọ. Láti ìgbà tí mo ti fa iná sílé yìí, kò tíì dúró báyìí rí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa ikú àwọn ẹja náà. Mo sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí o mú bàbá Wùmí tí o fẹ́ fẹ́ wá bá wa ṣọdún Iléyá, torí o ti sọ fún wọn pé bàbá rẹ ní àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀ tó gùn bíi bẹ́ẹ̀dì, tí ẹja aláràbarà ń rìn nínú ẹ̀ láìbára wọn jà, àwọn náà sì ní àwọn ò ní gbà kí wọ́n ròyìn ẹ̀ fáwọn lásán, àwọn máa fojú ara àwọn rí i. Ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀ báyìí, ẹja kan ṣoṣo ni, dúdú ni, ó sì ní irùngbọ̀n. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè mọ ohun tí wàá sọ fún wọn.

O rántí ọjọ́ tí ìwọ àti lọ́rí gbé àpótí náà dé, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. O ní òyìnbó ọ̀gá rẹ tó ń padà sílùú wọn ló fi ta ọ́ lọ́rẹ, pé yàrá kan tí o ń gbé ní Èkó kò gbà á. Èèyàn mẹ́fà ló gbé e wọlé, èmi ni mo ń pàṣẹ. Mo sọ fún gbogbo agbo-ilé pé láti ibí títí dé Ilé-Ogbó, ẹ lọ wò ó, kò sírú ẹ̀, mi ò sì purọ́ níbẹ̀ yẹn. Bébà òyìnbó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, torí mo rí i pé ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ni. O to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, o pọnmi kún un, o so ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi mọ́ iná, o kọ ohun tí mo máa ṣe sínú bébà, o fowó sílẹ̀, o sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí o kọ ni pé kí n lọ bá Ògúnbáyọ̀ tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Ìbàdàn, kí n ṣa àwọn tí àwọ̀ wọn dára, tí wọn kì í jà, tí wọ́n lè jọ gbé. O tún ní kí n mú bàbá rẹ kékeré dání, kí Àlàní lè bá mi ru agbọ̀n.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Mo ní kí n mú Àlàní lọ ṣe kí ni. Èmi Bùsárì tí mo kó obì láti Ìwó dé Kánò fún ọdún mọ́kànlélógún, tó jẹ́ pé bí o bá da ẹgbẹ̀rún obì sílẹ̀ níwájú mi, ojú lásán ni màá fi mú èyí tí kòkòrò ti wọ̀ nínú ẹ̀, ẹja wo ni mi ò ní mọ̀ ọ́n ṣà? Mo ní bí mo ṣe ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ró, kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́. Àlàní ni mo ń wò lójú bí mo ṣe ń sọ ọ́, àbúrò mi kan ṣoṣo, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé mi. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ọlọ́run mú ẹ̀gbọ́n òun lọ, kó mú wọn bọ̀.

Ògúnbáyọ̀ gbà mí dáadáa. Ọmọdé ni, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, àmọ́ àpótí gíláàsì tó wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀ á tó ogún. Mùkáílà, ojú mi rí nǹkan. Àwọn kan wà tí wọn ò ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, ìlà aró tó ń dán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìdí wọn pupa bí epo. Mo ní kó fún mi ní méjì, ó ní rárá, pé bí àwọn yẹn ò bá pọ̀ ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, ni mo bá ra méjìlá. Àwọn kan tún wà tí ìrù wọn fẹ̀ bíi gèlè tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wé tán, kò sí méjì tó jọra nínú wọn, mo ra mẹ́jọ. Mo ra mẹ́fà nínú àwọn tó dú bí aró. Mo ra mẹ́fà nínú àwọn jẹ́jẹ́ kan tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí jẹ, mo sọ wọ́n ní agbálẹ̀. Mo wá ra méjì tó rí pẹlẹbẹ, tó ń rìn bí olówó, tí ìlà dúdú dúró lóròó lára wọn bí ẹni tó kọ pélé. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ògúnbáyọ̀ ní gbogbo wọn kò ní bára wọn jà, torí àwọn kan ń gbé òkè omi, àwọn kan ń gbé àárín, àwọn kan ń gbé ìsàlẹ̀, pé àwọn oní-pélé yẹn nìkan ló lè máa lé èèyàn díẹ̀ bí oúnjẹ bá dé. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan, mo sì mi orí sí i bí ẹni tó gbọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹnu ẹja ni kí ẹ máa wò. Èyí tí ẹlòmíràn bá lè wọ ẹnu ẹ̀, ẹ má fi wọ́n sójú kan.”

Mo bi í pé ta ni àgbà wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹja kò ní àgbà. Mo wò ó títí. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ń gbé ilé àyágbé, kò mọ bí agbo-ilé ṣe ń rí. Ẹni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, oríṣi márùn-ún, kí wọ́n wà lábẹ́ òrùlé kan láìsí àgbà láàárín wọn?

Bí mo ṣe ń gbé obì tútù kó má gbẹ ni mo ṣe gbé wọn wálé. Inú ọ̀rá tí Ògúnbáyọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ni wọ́n wà, mo to ọ̀rá sínú agbọ̀n, mo fi ewé tútù bò ó, mo gbé e lé itan láti Ìbàdàn dé Ìwó. Ẹyọ kan ò kú. Inú mi ṣì ń dùn sí ìyẹn, má bínú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ máa ń yà wò wọ́n, mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, mo ń tọ́ka. Àwọn nǹkan kan kò yé mi nínú ohun tí o so mọ́ ọn. Igi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, irú èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń fi sábẹ́ ahọ́n, mo rò pé o ti rí i pé ọ̀kan nínú wọn ń ṣàìsàn, mo wá wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méjì, mi ò rí aláìsàn. Ẹ̀rọ tó ń mú omi hó náà, mo máa ń pa á bí mo bá ti fọwọ́ kan omi tí mo rò pé ó ń gbóná, kí ẹja má baà jinná. Kò pa wọ́n lára. Kì í ṣe èyí ló pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹjọ ni mo rí oní-pélé kan tó ń lé àwọn onírù gèlè kúrò nídìí oúnjẹ. Ògúnbáyọ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe rí i báyìí, ara mi gbóná. Mo ní mo sọ bẹ́ẹ̀, àìsí àgbà nìyẹn. Mo bá gba ìdí dáàmù omi ẹ̀rọ lọ, mo bá àwọn apẹja níbẹ̀, mo ní kí wọ́n kó ẹja àrọ̀ sílẹ̀ kí n ṣa ọ̀kan. Bí mo ṣe ń ṣa obì ni mo ṣe ṣà á. Mi ò mú èyí tó ń jà pìtìpìtì, mi ò mú èyí tí ara ẹ̀ ní ọgbẹ́. Mo mú ọ̀kan tó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka, ara ẹ̀ balẹ̀, irùngbọ̀n ẹ̀ gùn, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo fi sínú báàfù lẹ́yìnkùlé fún ọjọ́ mẹ́ta kí n lè mọ ìwà ẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òun nìkan ló sì wà nínú báàfù náà, àmọ́ ìyẹn kò sọ sí mi lọ́kàn.

Ìyá rẹ dúró tì mí, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, Bàbá Mùkáílà, inú ìkòkò ni èmi ti mọ ẹja yìí, mi ò mọ̀ ọ́n ní àgbà ilé. Mo ní kó lọ sídìí ààrò ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé e wọ inú àpótí. Mo pe àgbà mẹ́rin, mo pín obì, mo ní orúkọ ẹ̀ ni Mọ́gàjí, òun ni olórí agbo-ilé ẹja láti òní lọ. Tísà Fátókun rẹ́rìn-ín títí fìlà bọ́ lórí ẹ̀. Bí Mọ́gàjí ṣe wọlé báyìí, ìjà tán. Oní-pélé kò lé ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo wọn kóra jọ sí igun kan, wọn ò mira, wọn ò jẹun. Mo sọ fún àwọn àgbà pé ẹ wò ó, ẹ rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un.

Àwọn tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ ló kọ́kọ́ dín. Mo ní wọ́n wà lábẹ́ òkúta, pé onítìjú ni wọ́n. Àwọn agbálẹ̀ náà dín. Mọ́gàjí ń sanra, mo ní oyè ló bá a lára mu. Bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kejì mo kà wọ́n, mo bá mọ́kàndínlógún, mo tún un kà, mo bá méjìdínlógún. Mùkáílà, mo lẹ́nu láti bú ológbò, mo lẹ́nu láti bú ìyá rẹ, mo bú wọn náà, àmọ́ nígbà tí mo máa wá dá ẹ̀bi, àbúrò mi ni mo dá a fún. Àlàní ti ṣẹ̀fẹ̀ nígbà kan pé òun ò rí ẹja tí wọn kì í jẹ rí. Yàrá ẹ̀ ló sì súnmọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ jù. Mo pe gbogbo agbo-ilé jọ lójú ìyàwó ẹ̀ àti lójú àwọn ọmọ ẹ̀, mo ní kó jẹ́wọ́ ibi tó ń kó ẹja ọmọ mi lọ, pé bí ebi bá ń pa á, kó wá sọ fún mi, èmi tí mo ń bọ́ gbogbo wọn.

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, láti kékeré mi, mi ò mú nǹkan yín rí láìtọrọ. Ẹ wo ikùn Mọ́gàjí.”

Mo ní kó má purọ́ mọ́ àgbà tí kò lè fọhùn gbèjà ara ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó ẹní ẹ̀ àti ìkòkò méjì, ó mú ìyàwó àti ọmọ, wọ́n lọ sí oko àwọn àna ẹ̀ ní Kuta. Mo wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ń gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀, mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Àlàní lọ tán, ẹja ṣì ń dín. Ó kù mọ́kànlá, ó kù márùn-ún, ó kù ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè ìyá rẹ ké pè mí láti pálọ̀, ó ní, “Ẹ wá wo ọmọ yín Mọ́gàjí.” Mo dé ibẹ̀. Ìrù gèlè tó kẹ́yìn ló yọ síta lẹ́nu ẹ̀, ìrù náà ṣì ń mì. Mo dúró. Mọ́gàjí kò sá, kò sì yára. Ó ń wò mí bó ṣe ń gbé e mì, ojú ẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ohun tó tọ́ sí i wá fún. Mùkáílà, mo mọ ojú yẹn. Mo ti rí i nínú dígí tí mo fi ń gé irùngbọ̀n mi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹja. Ọdún tí bàbá wa kú ni, tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò obì tí mi ò ní kọ́bọ̀. Àlàní kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ó ti kọ ebè tirẹ̀ ní oko, ó wa gbogbo iṣu náà kó tó gbó dáadáa, ó tà á ní ọjà, ó kó owó ẹ̀ fún mi. Òun ni mo fi ra agbọ̀n obì àkọ́kọ́. Lọ́dún náà, ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ. Mo lówó, mo kọ́lé, mo fi sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì ti tó ọdún méjìdínlógójì tí mo ti ń sọ lójú ẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá ti sọ ọ́, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ iṣu yìí fún ọ rí, mi ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ojú ń tì mí. Ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí báyìí, torí ọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi nídìí omi àlùwàlá pé ara Mọ́gàjí ńkọ́, gbogbo wọn sì ń wolẹ̀ kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Irọ́ iná tí mo rán sí ọ náà, torí kí ojú má tì mí níwájú rẹ ni, ó wá di méjì.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè màá wọ mọ́tò lọ sí Kuta. Mọ́gàjí máa wà nínú báàfù lórí itan mi, láàyè. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo gbé pọ̀n, àmọ́ mo lè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó jókòó sórí àga, kí n sọ ọ̀rọ̀ iṣu lójú ìyàwó ẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀, kí n sọ pé òun kọ́ ló jí ẹja, pé òun ló sọ òótọ́. Bó bá ní ká fi Mọ́gàjí se ọbẹ̀, a ó jọ jẹ ẹ́. Bó bá ní ká dá a padà sínú omi, a ó dá a padà. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa bá mi padà wálé. Tí kò bá gbà, màá sùn síbẹ̀, ọjọ́ kejì màá tún sọ ọ́.

Owó ni mo wá fẹ́ tọrọ, èmi tí mo máa ń sọ fún ọ pé mi ò tọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Fi owó ẹja tuntun ránṣẹ́ ní póòsì, kí o fi owó mọ́tò èèyàn méjì sí Ìbàdàn kún un. Àmọ́ lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fún ọ níbẹ̀, ibi tí wọ́n ní kí o kọ orúkọ ẹni tó máa gbowó, má kọ orúkọ tèmi. Kọ Àlàní Ọláníyọnu. Kọ ọ́ gàdàgbà, kí akọ̀wé póòsì Ìwó lè pè é sókè. Bí àyè bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí o kọ ìdí tí o fi fowó ránṣẹ́, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí àyè, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọ ní bébà mìíràn.

Òun ló máa ṣa ẹja. Kó bá Ògúnbáyọ̀ sọ̀rọ̀, kó wo ẹnu wọn dáadáa, kó mú èyí tó bá wù ú. Mi ò ní dá sí i. Bí wọ́n bá bi mí ní Ìbàdàn pé ta ni mí, màá ní mo tẹ̀ lé àbúrò mi wá ni.

Sọ òótọ́ fún bàbá Wùmí kí wọ́n tó dé, torí irú ìdílé tí wọ́n ń fọmọ fún, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Tí o bá lè fo ibi tí mo ti pín obì, fò ó fún mi.

Ọlọ́run Ọba á jẹ́ kí o lówó, kò ní jẹ́ kí o gbàgbé ẹni tí o fi ọwọ́ ẹ̀ lówó. Àwọn ọmọ tí Wùmí máa bí fún ọ, wọ́n á fẹ́ràn ara wọn, ẹ̀gbọ́n ò ní pa àbúrò lẹ́kún. Ilé rẹ á tutù bí omi inú àpótí yẹn ṣe rí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àmín.

Bí o bá sì rí èmi àti Àlàní tí à ń bọ̀ láti Ìbàdàn, agbọ̀n á wà lórí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùsárì Ọláníyọnu, àbúrò ẹ̀ ló fún un lówó obì àkọ́kọ́.